Ọwọ́ Oníka-Mẹ́rin Tó Wà Lára Ìtàgé

Ọdún tí wọ́n fọ́ kámẹ́rà mọ́ ayàfótò kan lórí ní Ìgándò, kò sí oníṣẹ́ fótò kankan láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún tó tún fẹ́ gbọ́ pé kí òun wá ya ilé tàbí ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo lọ kí ọkùnrin náà nílé ìwòsàn. Orí rẹ̀ wú, wọ́n ti rán an níbi mẹ́ta, dígí kámẹ́rà rẹ̀ sì ṣì wà nínú ẹran iwájú orí rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fi irin tíntín yọ ọ́ ní wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ìyá Fótò, ẹ jẹ́ ká máa ya ìkómọ jáde jàre. Ọmọ tuntun kì í gbé àdá."

Bí ayé ṣe rí nìyẹn lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọ̀dà ń wọ àwọn ọ̀nà wa, àwọn tó ń gbowó oṣù ń wá ilé, àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ń ta ohun tí bàbá wọn ti tà. Bí wọn ò bá ṣá ẹnì kan ní Àgbàdo lónìí, wọ́n á dáná sun katakata ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́la. Ó ti mọ́ wa lára. Bí ariwo bá sọ ládùúgbò, èmi á kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sábẹ́ ibùsùn ná, kí n tó wá ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Kámẹ́rà ló ń bọ́ àwọn ọmọ mi.

Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n fótò kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn. Kéèyàn mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ó parí. Àwọn òṣèré tó ń kiri ìlú máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ya fótò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri kí eré wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn gbọ̀ngàn àtijọ́ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí èrò. Mo ya èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè ní Àgbàdo. Mo ya méjì ní Muṣin tí wọ́n ti sọ di ilé ìkẹ́rù sí. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn bí bẹ́ǹṣì òfìfo ṣe ń kọjú sí ìtàgé, bí ẹni pé wọ́n ṣì ń retí nǹkan. Kì í ṣe pé àlàáfíà ló wà nínú wọn o. Lára ògiri ọ̀kan, mo rí ojú ibi tí ìgò ti fọ́ mọ́ ọn. Olùṣọ́ ibẹ̀ sọ fún mi pé àwọn òǹwòran ló bínú sí ọkùnrin tó ṣe ọba búburú nínú eré, tí wọ́n fi gbàgbé pé eré ni. Ojú ọ̀tún ọkùnrin náà fọ́ pátápátá. Ó ní lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá ṣe ọba náà pẹ̀lú ojú kan.

Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn wà ní Ìkòtún. Bàbá kan tó jẹ́ olórí òṣèré ló kọ́ ọ, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Bàbá Gbọ̀ngàn ni gbogbo wa ń pè é. Ìtàgé rẹ̀ ga tó àyà mi, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ iwájú rẹ̀. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn ìtàgé, wọ́n kun ààfin ọba àti igbó kan pọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Fèrèsé gíga mẹ́ta wà lápá òsì, wọ́n ti kan gbogbo wọn pa.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ wà lójú sìmẹ́ńtì ìtàgé yẹn. Nígbà tí ìdílé onílẹ̀ ta ilẹ̀ náà fún Bàbá, àwọn àgbà wọn kò mọ̀wé. Wọ́n tẹ̀ka síwèé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n olórí ẹbí wọn ní òun kò fọkàn tán ìwé, pé ikán ló ń jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sóun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rẹ́ ìtàgé. Lọ́jọ́ náà, òun àti àgbà mẹ́rin dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n tò ó ní ìlà kan. Tàárín ni ti olórí ẹbí, kò sì sí ẹni tó lè ṣì í mọ̀, nítorí ìka mẹ́rin ló ní. Ìbọn ọdẹ ló já ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

Ikán sì jẹ ìwé náà lóòótọ́. Olórí ẹbí náà kú. Àkọ́bí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá Ilẹ̀, fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ilé epo. Ó ní bàbá òun kò ta ilẹ̀ kankan fún òṣèré. Ẹjọ́ dé kóòtù. Lọ́yà Bàbá Gbọ̀ngàn wá sọ fún un pé adájọ́ kò ní wá wo sìmẹ́ńtì ní Ìkòtún. Kí ó lọ ya fótò ọwọ́ náà, kí ọwọ́ àti gbọ̀ngàn jọ hàn nínú fótò kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti yà á.

Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Aládùúrà ni ìyàwó náà, sùtánà funfun ló máa ń wọ̀ nígbà gbogbo, láìwọ bàtà.

Bàbá ní, "Ìyá Fótò, ẹ̀yin nìkan ló kù."

Mo ní, "Bàbá, orí kan ni mo ní."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "A ó fi àdúrà bo orí náà."

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ tún bá mi wo ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀kùn tí àwọn òṣèré ń gbà wọlé wà lẹ́yìn ìtàgé, pé òun alára ti gba ibẹ̀ sá fún àwọn òǹwòran rí. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá sọ pé òun gbọ́ pé Ọ̀gá Ilẹ̀ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ fótò náà, àti pé ó ti ra òòlù. Ó ní, "Tí ọwọ́ yẹn bá fọ́ kó tó wọ fótò, ìyá, ayé mi fọ́ nìyẹn. Mi ò ní ibòmíì." Mo ní ká lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí òun ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíláàṣì kò dára fún irú rẹ̀. Bí ẹ bá tan iná tààrà sójú ohun tó jin sínú, jíjìn rẹ̀ á parẹ́, ọwọ́ náà á kàn funfun bí ògiri tó kù. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, kí òjìji lè wọ inú ìka kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, mo ní láti ṣí fèrèsé kan. Gbọ̀ngàn yẹn sì ṣókùnkùn. Kí ọwọ́ tó wà nítòsí àti ààfin tó wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán tó lè jọ hàn kedere, mo ní láti dín ojú kámẹ́rà kù gan-an, kí n gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n ṣí i sílẹ̀, kí n sì máa kà. Àádọ́rùn-ún ni mo pinnu láti kà. Láàárín àkókò yẹn, ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ á wọ inú fótò. Èyí tó bá ń lọ tó ń bọ̀, kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé ó kọjá.

Mo fi irin yọ ìṣó, mo ṣí fèrèsé náà. Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ọ ní ìta. Ìyàwó Bàbá lọ dúró ti ilẹ̀kùn iwájú. Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ara sìmẹ́ńtì nítòsí ọwọ́ oníka-mẹ́rin, kí adájọ́ lè rí bó ṣe tóbi tó.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má mira o. Bó ti wù kó rí."

Ó ní, "Mo ti ṣe òkú lórí ìtàgé yìí títí eṣinṣin fi bà lé mi létè. Ẹ máa kà."

Mo da aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo ṣí ojú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo ti kà dé ogún nígbà tí mo gbọ́ ìyàwó Bàbá tó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́." Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí wọ́n gbá a. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹ bá ju aṣọ tútù mọ́ òkúta. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n tó mẹ́fà. Mẹ́ta mú àdá, ẹnì kan mú pákó tí ìṣó wà lára rẹ̀. Ọ̀gá Ilẹ̀ gbé òòlù ńlá lé èjìká.

Ó ní, "Ìyá Fótò, ẹ káàárọ̀ o." Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn rẹ̀. Èmi ni mo ya fótò ìgbéyàwó rẹ̀. "Ẹ gbé àpótí yín kúrò níbẹ̀, kí n má bàa fọ́ ọ mọ́ yín lórí bíi ti ará Ìgándò."

Mo wà ní eéjìlélógójì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iye náà á dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá dáwọ́ dúró, òòlù á ba ọwọ́ yẹn, kò ní sí fótò, kò ní sí ọwọ́.

Ọ̀kan nínú wọn bọ́ síwájú láti wá mú mi. Ó rí ètè mi tó ń mì, ó rí aṣọ dúdú, ó rí i pé mi ò wò ó. Ó dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, obìnrin yìí ń pe nǹkan o."

"Kí ló ń pè?"

"Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ni? Ẹ wo ẹnu rẹ̀."

Wọ́n rò pé ọfọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó tún sún mọ́ mi. Nígbà náà ni wọ́n kọjú sí Bàbá tó jókòó láìmira, tó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, tí kò bẹ̀bẹ̀, tí kò sá. Ẹni tó mú pákó ní, "Ti bàbá yìí gan-an ló le jù. Wò ó, ó ti lo nǹkan sára." Ó gbá a léjìká.

Mo gbọ́ tí egungun náà dún bí igi gbígbẹ. Mo wà ní ọgọ́ta dín márùn-ún. Bàbá kò ké. Èémí kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ ó sì padà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára sìmẹ́ńtì. Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé o rí i? Kò wọlé."

"Tún un gbá. Á wọlé."

Wọ́n tún un gbá. Ìṣó fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ apá rẹ̀ sórí àpótí. Bí kò ṣe ń mira tó ni wọ́n ṣe ń gbá a tó, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oògùn náà máa pin sí. Kò sí oògùn kankan. Èmi ni mo ní kó má mira. Mo mọ èyí nígbà tí mo ń kà, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo mọ̀ ọ́n ní ọgọ́ta, mo mọ̀ ọ́n ní ọgọ́ta lé márùn-ún. Mo wo ojú Bàbá, ó wo tèmi, ó ṣẹ́jú sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo gbọ́ nínú ojú tó ṣẹ́ yẹn ni pé, ẹ máa kà.

Bí mo ṣe dé àádọ́rin, ìyàwó rẹ̀ dìde ní ẹnu ọ̀nà. Eyín rẹ̀ méjì ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti pọ́n àyà sùtánà. Ó sáré gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, ó ju ara rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n fi irun wọ́ ọ kúrò. Ó tún sáré wá. Wọ́n tún wọ́ ọ.

Àádọ́rùn-ún. Mo pa ojú kámẹ́rà dé. Mo ní, "Bàbá, ó ti tó."

Ó ṣubú.

Ọ̀gá Ilẹ̀ wá kọjú sí ìtàgé. Ó gbé òòlù sókè. Ẹni tó mú pákó dì í lápá mú, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ Baba nìyẹn o. Ọwọ́ bàbá yín ni." Àwọn tó kù ti ń fà sẹ́yìn. Ó jágbe mọ́ wọn, kò sí ẹni tó gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lu ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èérún sìmẹ́ńtì fò, ó la ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mi ò dúró wò ó. Mo ti gbá kámẹ́rà mọ́ra, mo gba ilẹ̀kùn àwọn òṣèré jáde. Ẹnì kan bá mi níbẹ̀, ó fi pẹlẹbẹ àdá lù mí lẹ́yìn, mo ṣubú lé orúnkún, mo dìde. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ibẹ̀ ṣì máa ń sọ fún mi.

Àwọn tó ń lọ ata ní òdìkejì ọ̀nà ló bá mi gbé Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí mo rí i pé dókítà ti ń tọ́jú wọn, mo lọ sílé lọ fọ fíìmù náà. Kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi katakata wó gbọ̀ngàn.

Fótò náà jáde dáadáa. Ó ṣì wà lára ògiri mi. Ọwọ́ márààrún hàn kedere, òjìji wọ inú ìka kọ̀ọ̀kan. Ààfin wà lẹ́yìn. Bàbá jókòó, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn dà bí ẹni pé ó ní èjìká kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí èyí tó ní. Bẹ́ǹṣì wà ní ààyè wọn. Jẹ́ẹ́ ni gbogbo rẹ̀ rí. Nǹkan funfun kan nà gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lọ sí ẹsẹ̀ Bàbá, bí èéfín. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà kò sí níbẹ̀ rárá. Wọn ò dúró lójú kan pẹ́ tó kí kámẹ́rà lè mọ̀ wọ́n.

Ní kóòtù, Ọ̀gá Ilẹ̀ ní ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti bàbá òun. Mo ti mọ̀ pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹ̀dà fótò ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀ jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n yà tó sì gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Bàbá náà jókòó nínú àga ńlá, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan. Adájọ́ gbé fótò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ka ìka. Ilẹ̀ di ti Bàbá Gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lílù ṣì wà nílẹ̀. Lọ́yà tiwọn dìde, ó fi fótò mi hàn mí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ yà á?"

"Èmi ni."

"Ẹ fi ẹnì kan tó mú àdá hàn mí nínú rẹ̀."

"Kò sí nínú fótò. Inú gbọ̀ngàn ló wà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni funfun yìí?"

"Ìyàwó Bàbá ni."

"Ìyàwó Bàbá ni èéfín?"

"Ó ń sáré ni, sà. Wọ́n ń wọ́ ọ."

Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ìyá, ẹ ní wọ́n ń lu bàbá arúgbó títí egungun rẹ̀ fi ṣẹ́. Kí lẹ̀yin ń ṣe?"

"Mo ń kà."

"Wọ́n ń pa èèyàn lọ, ẹ ń kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ń kà."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Fótò tó gba ilẹ̀ padà ni wọ́n fi dá àwọn tó lu Bàbá sílẹ̀. Mo bá Ọ̀gá Ilẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù pẹ̀lú àpá lójú rẹ̀, ó kí mi, mo dá a lóhùn. Ọ̀nà ọjà kan náà la jọ ń gbà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Bàbá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá ya òun lórí ilẹ̀ náà. Apá rẹ̀ kan kò gbé sókè mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òkìtì àlàpà àti àpótí tó gbé wá láti ilé. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú sùtánà tuntun, ó fọwọ́ bo ẹnu tí eyín méjì kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bàbá jókòó síbi tí ìtàgé wà tẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó ṣì dára síwájú, sínú òfìfo, bó ṣe gbé e lé sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ náà.

Oòrùn ràn, kò sí ohun tí mo fẹ́ kà. Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó dún, ó parí.

Mo ní, "Bàbá, mo ti yà á."

Kò mira. Ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú. Ìyàwó rẹ̀ wò mí. Mo padà sẹ́yìn kámẹ́rà, mo dúró dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ láti oókan, sókè, kí ó lè gbọ́. Nígbà tí mo kà dé àádọ́rùn-ún, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé àpótí náà lọ sílé.